Àbúrò mi ti ẹ̀wọ̀n dé, àwòrán nìkan ló ń yà. Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi láti máa dá a rò.

Oṣù kẹta rèé tí àbúrò mi ọkùnrin ti jáde lẹ́wọ̀n. Ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀. Ó fi mẹ́ta dúró de ìdájọ́, kí adájọ́ tó wá sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kó tó lọ, kò ya àwòrán rí láyé ẹ̀. Inú yàádì níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ya ojú àwọn tí wọ́n jọ wà ní sẹ́ẹ̀lì sára ògiri. Nígbà tó yá, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó ń wá wàásù fún wọn ń kó bírò àti ìwé wá fún un. Lọ́jọ́ tó jáde, ìwé àwòrán tó kó bọ̀ pọ̀ ju aṣọ tó ní lọ.

Ní báyìí, inú yàrá ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Á máa yàwòrán títí di aago méjì òru. Bí àlejò bá wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Bàbá wa ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun, pé àwòrán kò bọ́ ẹnikẹ́ni yó. Ìyá wa ń sunkún pé ká fi í sílẹ̀, pé àwòrán yẹn ni kò jẹ́ kí orí ẹ̀ dàrú. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn ará àdúgbò náà kò sì dákẹ́. Bó bá jáde lọ ra omi lásán, wọ́n á ní "ẹlẹ́wọ̀n ti jáde o."

Ṣé ká jẹ́ kó máa bá àwòrán ẹ̀ lọ ni, àbí ká fipá mú un lọ sẹ́nu iṣẹ́? Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí, kó jọ̀wọ́ sọ fún mi.

Bàbá Mákùn (Ṣàgámù)

Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Òótọ́ ni bàbá rẹ ń sọ. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ẹni tí nǹkan kan kò bá wọlé fún, àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ ló máa wá a wá, wọn kì í sì í pẹ́. Mo mọ ọmọ kan ní Sábó níbí, oṣù méjì péré ló lò nílé tó fi padà síbi tó ti ń bọ̀, nítorí àwọn tó ń ra oúnjẹ fún un náà ni wọ́n tún gbé iṣẹ́ burúkú lé e lọ́wọ́. Ẹ mú un lọ kọ́ṣẹ́. Ó lè máa yàwòrán ẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Mo Ti Débẹ̀ Rí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fipá mú un. Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Mákùn, àmọ́ ẹni tí kò bá sùn níbẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí ọmọ yẹn ń bá jà nínú yàrá.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò. Ó ti di ọdún kẹjọ báyìí tí mo jáde. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, n kì í lè ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Fún ọdún mẹ́rin, ẹlòmíràn ló ń ṣí i fún mi, ẹlòmíràn ló ń tì í. Nígbà tí mo délé, màá kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá mi bí ẹni tó ń retí wọ́dà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, torí àsìkò tí wọ́n máa ń kà wá kí wọ́n tó tì wá mọ́lé nìyẹn. Ní ìdájí, màá ta jí, màá dìde jókòó, màá máa dúró kí wọ́n wá kà mí. N kò lè rin ọjà já. Ariwo pọ̀ jù, èèyàn pọ̀ jù, kò sì sí ògiri tí mo lè fẹ̀yìn tì.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló yọ mí. Inú yàádì ni mo ti mọ̀ ọ́n lù, a ń fi garawa àti abọ́ ṣe wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì, nígbà ààwẹ̀. Nígbà tí mo jáde, bàbá kan tó ní ẹgbẹ́ àpàlà ládùúgbò wa ní kí n máa bọ̀. Kò fún mi lówó. Àmọ́ bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, èèyàn mẹ́fà ń retí mi. Bí n kò bá dé, orin ò ní í gún. Ẹ bá mi wò ó dáadáa: ta ló tún ń retí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé? Gbogbo ibi tó bá yọ sí ni wọ́n ti ń fẹ́ kó tètè lọ. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, "Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀" ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ibi tí mo ti ń bọ̀. Wọ́n ti rí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè pè mí ni.

Nítorí náà, àwòrán tí àbúrò yín ń yà kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Ilẹ̀kùn tó ń tì ni. Ẹni tó ń dá yàwòrán nínú yàrá títì, sẹ́ẹ̀lì ló ṣì wà. Ẹ bá a wá ibi tí wọ́n á ti máa retí ẹ̀.

Ìyá Ìperu

Ẹnu yín ò ní í kan o, ẹni tó sọ̀rọ̀ tán yìí. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ogún ọdún, mo sì ti rí i tí orin gbé ẹni tí ìdílé ẹ̀ ti pa tì.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, ẹ bá mi sọ fún bàbá yín pé ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà níbí, kó tó di òṣèré. Ní 1944 ló gbé eré àkọ́kọ́ jáde fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èbúté Mẹ́ta, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ pátápátá. Alágbe ni àwọn òbí ń pe òṣèré nígbà yẹn. Àwọn èèyàn tiwa tó sì ti ṣẹ̀wọ̀n rí ńkọ́? Ìwé ni Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ ń kọ ní ẹ̀wọ̀n Kàlàbá. Ṣóyínká, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, orí ìwé ìnùdí ló ń kọ ewì sí nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé láti 1967 sí 1969. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n ya wèrè.

Bàbá Mákùn (Ṣàgámù)

Ìyá Ìperu, ẹ má bínú, ẹ má fi Awólọ́wọ̀ wé ọmọ yìí. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló gbé e débẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un ní 1963, Gowon tú u sílẹ̀ ní 1966, nígbà tó fi máa di 1967 ó ti di kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó fún ìjọba àpapọ̀. Ṣóyínká, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tì í mọ́lé. Orúkọ ń dúró dè wọ́n níta. Orúkọ wo ló ń dúró de ọmọ tí à ń sọ yìí?

Ẹ sì jẹ́ kí n béèrè ohun tí ẹnì kankan kò tíì béèrè. Kí ló ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bàbá, ojú ló tì mí tí n kò fi kọ ọ́. Àwọn mẹ́ta ló lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta fóònù. Àbúrò mi ló dúró síta tó ń ṣọ́nà fún wọn. Obìnrin náà ṣì wà nínú ìlú. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni ìyá mi máa ń gbà lọ sọ́jà kó má bàa pàdé ẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, n kò fẹ́ dá sí i. Kì í ṣe èmi ni obìnrin yẹn, àmọ́ wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi náà rí.

Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wà nínú ẹ̀. Ọjà àwìn wà nínú ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi san gbèsè ọjà tí n kò tà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ máa ń ta jí ní ìdájí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kà, mo gbà yín gbọ́. Èmi náà máa ń ta jí. Bí ajá bá gbó lóru, mo ti dìde jókòó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ n kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìlù dára, àwòrán dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá orúkọ tuntun fún un, tí kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀, ògiri tó lanu ni ẹ ń kùn lọ́dà yẹn. Ó sì ku ọ̀kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó dá a lábàá: ẹ má jẹ́ kó ya àwòrán lọ fún un. Bí ọmọ tó ṣọ́nà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi bá gbé àwòrán ojú mi wá, jìnnìjìnnì ló máa bò mí. Ibo ló ti ń wò mí?

Mo Ti Débẹ̀ Rí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ ṣé, mà. Mo fo ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, kò sì yẹ kí n fò ó.

Mo lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá tí mo ṣẹ̀ lé mi jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ dá lọ, ó lọ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ rí mi. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bàbá náà kò dárí jì mí. Ó ní òun ti gbọ́, kí n máa lọ. Oorun tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pẹ́ tí mo ti sun irú ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbí. Ọkùnrin òǹkọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Arthur Koestler. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní Sípéènì nígbà ogun abẹ́lé wọn ní 1937, wọ́n sì ti dájọ́ ikú fún un kí orí tó yọ ọ́. Nígbà tó yá, ó dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ níbí ní 1962 fún iṣẹ́ ọnà àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Títí di òní, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àfihàn àwọn iṣẹ́ náà ní Southbank Centre, láàárín ìlú. Mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ kan wà tí ẹnì kan fi ọṣẹ gbẹ́, n kò lè kúrò nídìí ẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèré obìnrin kan sì wà, Clean Break. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ṣẹ̀wọ̀n ní Askham Grange ló dá a sílẹ̀ ní 1979. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tó bá wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ èyí nìyẹn. Ṣé kò sí àwọn mìíràn tó ti ẹ̀wọ̀n Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ti Ṣàgámù dé, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń ya nǹkan, kí àbúrò yín wá wọn rí?

Bàbá Mákùn (Ṣàgámù)

Kó máa wá àwọn tí wọ́n jọ ṣẹ̀wọ̀n kiri kẹ̀? Rárá o. Ohun tí mo ń sá fún gan-an nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Òfin ọgbà àtúnṣe ti 2019, èyí tó yí orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tó bá jáde ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀wọ̀n tó ṣe yà á sọ́tọ̀. Kí àbúrò yín mú ìwé tirẹ̀ dání bó bá ń wáṣẹ́.

Wọ́dà Àná

Àbúrò Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, o kú ìwé kíkà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá jáde ni wọ́n ń fún. Ẹni tí ìwà ẹ̀ bá dára, tó sì kọ́ iṣẹ́ dé ojú àmì nínú ọgbà ni. Ọ̀gá ọgbà ló máa dámọ̀ràn ẹ̀, ọ̀gá àgbà pátápátá ló máa fún un ní ìwé. Ẹni tó bá gba ìwé yẹn ni òfin ní kí wọ́n má yà sọ́tọ̀.

Mo ṣiṣẹ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá ń ka iṣẹ́ ọwọ́ níbi tí mo wà, télọ̀, káfíńtà àti bàtà ṣíṣe ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ń yàwòrán, wọ́n á ní ó ń fi ṣeré ni, wọn ò ní í kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ó dùn mí, torí ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé yàrá tí wọ́n bá ti ń múra eré Kérésì tàbí tí ẹnì kan ti ń yàwòrán, ìjà máa ń dín kù níbẹ̀. Àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ á tò, wọ́n á máa dúró kó kan àwọn kí ó ya ojú tiwọn. Ẹni tí kò tíì rí dígí fún ọdún méjì, tó wá rí ojú ara ẹ̀ lórí ìwé! Mo rí ọkùnrin gìrìpá tó sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin, ẹ lọ bá àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbáyégbádùn nínú ọgbà tó ti jáde. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀, ẹ sì béèrè nípa ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ti jáde. Wọ́n máa ń fún àwọn kan ní ohun èlò iṣẹ́. Kì í kárí, àmọ́ ẹni tí kò bá béèrè, kò ní í kàn án rárá. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má rán òun nìkan. Ó ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti tún rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ayàwòrán Òkè-Ajé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bàbá Mákùn ní àwòrán kò bọ́ni yó. Ọmọ mẹ́rin ni mo fi tọ́, àgbà sì ni ọ̀kan ti dà. Àmọ́ mi ò ní í parọ́ fún yín: fléèsì, ìyẹn báńà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Pátákó tí mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín wákàtí kan báyìí. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ọwọ́ ni ògiri: ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, inú ṣọ́ọ̀ṣì, ara kọ̀ǹténà tí wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ara ọkọ̀ akẹ́rù. Àti ojú èèyàn. Bí ọdún Iléyá bá ti ń bọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé ń múra Ojúde Ọba, iṣẹ́ máa ń wọlé. Ẹni tó gẹṣin á fẹ́ kí wọ́n ya òun pẹ̀lú ẹṣin òun. Fọ́tò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwòrán ni wọ́n ń gbé kọ́ pálọ̀.

Bó bá fẹ́, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ní àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kó mọ̀ ṣáájú. Èkíní, n kò ní í jẹ́ kó ya ojú ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́tà ni yóò máa kọ. Á kọ́ bí a ṣe ń fi ẹfun pa okùn ká tó tà á sára ògiri kí ìlà lè gún, bí a ṣe ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ìdí tí ògiri tó bá ń lami kò fi ní í gba ọ̀dà láéláé. Ẹni tó ń fi èédú àti bírò yàwòrán kò tíì mọ ọ̀dà, ọ̀dà kì í ṣe é pa rẹ́. Èkejì, n kì í fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ni. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó má rò pé torí ibi tó ti ń bọ̀ ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ là ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá di mẹ́jọ ààbọ̀ tí n kò rí i, màá béèrè ẹ̀.

Mo Ti Débẹ̀ Rí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ọ̀gá, Ọlọ́run á bù kún yín. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo ti ń wá láti àná. Ohun kan péré: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Bó bá ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ láràárọ̀, kò ní í lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Bàbá Mákùn (Ṣàgámù)

Bó bá jẹ́ ti Òkè-Ajé, tó jẹ́ ọ̀gá ló wà níwájú ẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Owó ọkọ̀ yẹn, ìdílé ló yẹ kó gbé e, kì í ṣe ọ̀gá. Kí bàbá ẹ̀ kó o fún un lápapọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó má máa fún un lójoojúmọ́. Ọmọ mi, sọ fún bàbá rẹ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ni mí.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ka ohun tí ẹ kọ sí etí àbúrò mi. Kò fèsì. Lọ́jọ́ karùn-ún ló béèrè pé kí ni Oníṣọ́ọ̀bù tún sọ, kí n tún un kà. Àbúrò bàbá wa ló lọ bá obìnrin náà. Obìnrin náà ní òun kò fẹ́ rí i. Ó mú ìwé kan jáde níbi tó kọ gbogbo fóònù tí wọ́n kó sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ẹ̀. Ìwé náà ti gbó. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀, àbúrò bàbá wa ló ń gbé e lọ. Ìyá mi kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun àti obìnrin náà kíra.

Ó ti ń lọ sí Òkè-Ajé. Àwọn tó ń pè é ní ẹlẹ́wọ̀n ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń jí lóru. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án báyìí.

Ìbéèrè kan ló kù tó gbé mi wá. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan lẹ́bàá Ìbàdàn Gáràjì rí ìwé àwòrán ẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kó wá ya ẹranko sára ògiri kíláàsì méjì. Èló ni kó pè é? Ẹ̀rù ń bà á láti pe owó kankan.

Ayàwòrán Òkè-Ajé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Kó má pe owó kankan kó tó wọn ògiri. Kó sì sọ fún mi fúnra ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, torí ọwọ́ mi ló wà. N kò ní í bínú, òun ni màá fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, màá kàn dúró tì í ni. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn oníléèwé bóyá ògiri yẹn máa ń lami lójò. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́jọ, ká pàdé níbẹ̀. Kó mú téèpù dání.